Ìkéde Ẹlẹ́ẹ̀kẹta

Mo rántí ìgbà tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù wa ti ìpàdé ńlá dé láti Ìlú Ọba, tí àwa ọmọ ìjọ Áńgílíkà ní Bódìjà ń rìn bí ẹni tó ti ojú ogun bọ̀. Wọ́n ní àwọn òyìnbó kan fẹ́ tún ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tò, àwọn tiwa sì kọ̀ jálẹ̀. Èmi tí n kò tíì rìn kọjá Èkó rí ni mo wá di agbẹnusọ fún gbogbo Áfíríkà.

Nígbà tí a ṣe ìpàdé ìjọ, mo ra táì tuntun ní Dúgbẹ̀, mo so ó mọ́rùn, mo dìde láti bú Ìlú Ọba. Mo ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Mo dábàá pé kí a dá gbogbo ohun tí a gbà lọ́wọ́ òyìnbó dúró, títí ìgbìmọ̀ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́. Baba Ìjọ, tó jẹ́ baba àfẹ́sọ́nà mi, ń wò mí bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó ń jẹ okùn ọrùn ara rẹ̀. Àlùfáà ní àbá náà wọlé.

Ìjọ wa kì í so tọkọtaya pọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n kéde wọn ní ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta. Wọ́n ti kéde tiwa lẹ́ẹ̀mejì, Sátidé tó ń bọ̀ sì ni ìgbéyàwó. Ní ọjọ́ Ìsinmi kẹta, mo tún táì ṣe, mo ń retí kí àwọn èèyàn yíjú wò mí. Àlùfáà kéde ìpàdé àwọn ìyá, ó kéde kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tó sọnù, ó ní ká dìde kọrin. Kò dárúkọ wa rárá.

Mo sáré bá àlùfáà lẹ́yìn ìsìn. “Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà. Ẹ gbàgbé ìkéde wa.”

“N kò gbàgbé o. Ọwọ́ òyìnbó la ti gba ìkéde. Ó ti wà níwájú ìgbìmọ̀.”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ti ìkéde kọ́ ni mo ní lọ́kàn.”

“Èwo lo wá ní lọ́kàn?”

Ẹ̀rù bà mí gidi, nítorí mo fẹ́ràn àfẹ́sọ́nà mi. Òun alára dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ akọrin. “Màmá mi ti pe gbogbo àdúgbò Baṣọ̀run,” ló wí. “Ìwọ ni wàá lọ sọ fún wọn pé Áfíríkà ti gba òmìnira.”

Àlùfáà ní kí n fa àbá mi sẹ́yìn níwájú ìjọ ní ìsìn ìrọ̀lẹ́. Mo dìde, mo fà á sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn kò gbọ́, mo tún un sọ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àlùfáà wá ka ìkéde: bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí tí kò fi yẹ ká so àwọn méjèèjì pọ̀, kó wí i. Baba Ìjọ rọra dìde lórí àga iwájú.

“Àlùfáà, ẹ bá mi bi àna mi,” ni Baba wí, “bóyá ó gbà kí n wọ kóòtù òyìnbó ní Sátidé.”

Ẹ̀rín bo ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú mi.

Lónìí, ìjọ wa ti ń dá tirẹ̀ ṣe ní tòótọ́, ó sì dùn mọ́ mi pé a dúró lórí ẹsẹ̀ wa. Síbẹ̀, nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ń ka ìkéde ẹlẹ́ẹ̀kẹta fún àwọn ọ̀dọ́, ìyàwó mi a fọwọ́ lé mi lórúnkún. Ó mọ̀ pé àga iwájú ni mò ń wò. Baba ti sùn nínú Olúwa tipẹ́, ṣùgbọ́n mo ṣì ń retí pé wọn yóò dìde.