Káfíńtà Tó Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Gbẹ́ Ìran Rẹ̀

Bí wọ́n bá ti dárúkọ káfíńtà àgbà yẹn ládùúgbò, ọjọ́ tó gbé kìnnìún kọ́ sókè ìlẹ̀kùn ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń rántí. Àwọn tí wọn ò tí ì dé àdúgbò nígbà náà gan-an máa ń sọ ọ́ bíi pé àwọn ló bá a di àkàbà mú.

Ohun tó fà á ni pé ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, fẹ́ lọ sílé ọkọ. Bàbá ọkọ jẹ́ adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ilé olókùúta ló ń gbé, wọ́n sì gbẹ́ ẹyẹ idì ràgàjì kan sókè ìlẹ̀kùn ilé náà, tó na apá méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gbá òpópónà mọ́ra. Nílùú náà, ìdílé tó bá ti pẹ́ níbẹ̀ máa ń ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí káfíńtà kọ́kọ́ lọ kí àna rẹ̀, adájọ́ mú un dúró sábẹ́ ẹyẹ yìí, ó ṣàlàyé rẹ̀ láti èékánná dé àgógó ẹnu, títí ọrùn fi ń ro àwọn méjèèjì.

"Ẹ̀yin ńkọ́, àna mi?" ni adájọ́ béèrè. "Kí ni àmì ìdílé tiyín?"

Ẹlòmíì ì bá ní àwọn ò ní. Káfíńtà kì í ṣe ọmọ bíbí ìlú náà. Ọmọdé ni nígbà tó fẹsẹ̀ wọ ibẹ̀ lẹ́yìn bàbá rẹ̀, èdè ibẹ̀ sì ṣì máa ń kọ́ ọ lẹ́nu tí inú bá ń bí i. Ó tún fìlà rẹ̀ dé.

"Kìnnìún ni," ló wí. "A gbé e sọ̀ kalẹ̀ ká lè tún un kùn ni."

Ọmọ rẹ̀ tẹjú mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò rí nǹkan kan lókè ìlẹ̀kùn ilé wọn ju alángbá lọ.

Kí àwọn àna tó wá kí wọn padà, bàbá ti ara rẹ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀bù. Bó bá jẹ́ ìlẹ̀kùn ni, tàbí tábìlì, tàbí kọ́bọ́ọ̀dù, kò sẹ́ni tó lè bá a du iṣẹ́ náà. Ohun tó bá ti ní igun máa ń gbọ́ràn sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò gbẹ́ ohun ẹlẹ́mìí rí láyé rẹ̀, kò sì fojú kan kìnnìún rí. Igi ya níbi orí, ló bá fi ìfági fá gọ̀gọ̀ ẹranko náà kúrò, ó wá ku kìkì èyí tó wà lábẹ́ àgbọ̀n. Etí tó yẹ kó rí roboto náà ṣorí kunkun, ó gùn, ó ṣe ṣóńṣó.

Adájọ́ dé pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀, gbogbo wọn wọṣọ ìyì. Wọ́n dúró níwájú ilé, wọ́n gbójú sókè. Obìnrin tó ń gbé búrẹ́dì kiri àdúgbò ló ń kọjá lọ, ló bá dúró.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí. "Ṣé ẹran òbúkọ lẹ ti fẹ́ máa tà báyìí ni?"

Káfíńtà wo oníbúrẹ́dì. Ó wo ara ògiri. Ó wo àna rẹ̀.

"Kí ni mo pè é fún yín lọ́jọ́sí?"

"Kìnnìún lẹ pè é," ni adájọ́ fèsì, torí ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ kì í gbàgbé ohun tí ẹlẹ́rìí sọ.

"Ẹ ò rí i pé àṣìsọ ni. Èdè yín yìí ló ń dà mí láàmú. Òbúkọ ni mo fẹ́ pè."

Ó kó wọn wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Kí tíì wọn tó tutù, ó ti di ìdílé olóbùúkọ.

Láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni tó bá dúró ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Olóbùúkọ láti ra àpótí gbọ́dọ̀ gbọ́ bí ẹran yẹn ṣe gba ìran rẹ̀ là. Fún àwọn kan, bàbá ńlá rẹ̀ ṣìnà lórí òkè níbi tí kùrukùru bo gbogbo nǹkan, òbúkọ ló ṣáájú rẹ̀ títí ó fi jáde. Fún àwọn mìíràn, ọba kan ló fi òbúkọ ta ìdílé wọn lọ́rẹ.

"Bàbá," ni ọmọ rẹ̀ wí lọ́jọ́ kan, "lọ́sẹ̀ tó kọjá, orí òkè ni òbúkọ yìí wà. Lónìí, mo gbọ́ tí ẹ ní ó ń wẹ odò."

"Òbúkọ arìnrìn-àjò ni. Ṣé ojú kan ló yẹ kó dúró sí?"

Ọkùnrin kan wà nígbà náà tó ń ta ìran. Á gbé báàgì aláwọ kọ́ apá, á máa kan ìlẹ̀kùn àwọn tó ti ibòmíì wá, á sì fi owó wá àwọn baba ńlá tó gbayì fún wọn. Ó kan ìlẹ̀kùn káfíńtà.

"Bí mo ṣe ń wo iwájú orí yín yìí, ọba kan wà nínú ìran yín," ló wí.

"Èló ni ọba?"

Ọkùnrin náà dá iye kan. Káfíńtà mi orí. "Ọba wọ́n jù. Kí lẹ ní tó rọjú díẹ̀?"

"Balógun kan wà níbẹ̀."

"Ṣé ó ṣẹ́gun?"

"Ó ṣẹ́gun lẹ́ẹ̀kan."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré? Ẹ yọ díẹ̀ nínú owó rẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń ná balógun lọ́wọ́ ni káfíńtà sọ ìtàn òbúkọ fún un, kí ó lè mọ irú ìdílé tó fẹ́ ta balógun ológun-kan fún. Ọkùnrin náà gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó, ó gbọ́ ọ tán, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ bi í pé èló ló máa gbà láti ta òbúkọ náà fún òun, òun ní oníbàárà kan tó máa bá mu.

Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín títí. Ọmọ rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tirẹ̀ kì í dé inú. Ní ilé ọkọ rẹ̀, àwọn àǹtí ọkọ máa ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé, "Àwọn wo gan-an ni èèyàn yín?" Bó bá ti ń ronú ohun tó máa sọ, wọ́n á ti yí ọ̀rọ̀ padà, kí ojú má baà tì í. Àánú tí wọ́n ń ṣe fún un yẹn dùn ún ju èébú lọ. Nígbà tó lóyún, ó lọ bá bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó lórí pákó tó ń rẹ́ lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òtítọ́ fún mi. Ọmọ tí mo fẹ́ bí yìí, kí ni mo máa sọ fún un? Ẹran?"

Bàbá dá ayùn dúró. Ó jọ pé ó fẹ́ sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Sọ fún un pé ẹran tó láyà ni."

Ọmọ dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, kò sì wá sílé bàbá rẹ̀ mọ́ fún oṣù mélòó kan.

Ọ̀rọ̀ tó mú un padà ni pé àbúrò bàbá rẹ̀ ń bọ̀. Onígbàjámọ̀ ni Bàbá Kékeré yìí, òdìkejì òkun ló ń gbé. Nígbà tí bàbá wọn ń kó àwọn méjèèjì kiri láti ìlú dé ìlú, àǹtí wọn kan mú àbúrò lọ, ẹ̀gbọ́n sì tẹ̀ lé bàbá. Wọn ò tí ì rójú ara wọn látìgbà náà. Orúkọ ìdílé tí wọ́n ń jẹ́ gan-an kò bára mu mọ́: àwọn aṣọ́bodè níbì kan ti gé ìdí rẹ̀, àwọn aṣọ́bodè níbòmíì sì ti lẹ nǹkan mọ́ orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Bàbá Kékeré ṣe sọ̀ nínú takisí, tó tún fìlà rẹ̀ dé, kò sẹ́ni tó nílò kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣàlàyé ẹni tó jẹ́ fún òun.

Wọ́n dì mọ́ ara wọn, wọ́n sunkún. Nígbà tí wọ́n jókòó sí tábìlì, pẹ̀lú adájọ́ àti ọmọ rẹ̀, káfíńtà rí òrùka ọwọ́ àbúrò rẹ̀.

"Ẹja wo nìyẹn?"

"Àmì ìdílé wa ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹja tó gbé bàbá ńlá wa sọdá òkun."

"Òbúkọ ni ìdílé wa."

"Mo rí i lókè ìlẹ̀kùn. Mo ní ajá ni."

Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Àbúrò ní òbúkọ kò lè sọdá òkun. Ẹ̀gbọ́n ní ẹja kò lè gun òkè. Níkẹyìn, káfíńtà kọjú sí àna rẹ̀.

"Adájọ́ ni yín. Ẹ dá ẹjọ́ yìí fún wa."

Adájọ́ gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó lóyún.

"Mi ò lè dá a," ló wí. "Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn kò gbọ́dọ̀ dá ẹjọ́ rẹ̀. Ẹyẹ ilé wa yẹn, a bá a lára ilé ni. Bàbá bàbá mi ló ra ilé náà nígbà tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti ibòmíì. Ẹyẹ ti wà níbẹ̀."

Ọmọ adájọ́ la ẹnu, kò lè pa á dé. Káfíńtà rọra bu tíì sí i fún àna rẹ̀.

"Mo mọ̀," ló wí.

"Ẹ mọ̀?"

"Ọdún tí mo bá yín tún ìlẹ̀kùn ṣe. Orúkọ ẹni tó kọ́ ilé wà lára férémù, lábẹ́ ọ̀dà. Kò jọ tiyín rárá."

"Ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Kí ni kí n sọ? Àna mi ni yín. Àti pé àlàyé tí ẹ ṣe lórí ẹyẹ yẹn dára, ó dùn mọ́ mi."

Ọmọ káfíńtà wo bàbá rẹ̀ bíi pé òun ò rí i rí. Bàbá tí kò lè pa ìdíyelé àga mọ́ra láti òwúrọ̀ dọ̀sán ló gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú láti ọdún yìí wá, tí àwọn ará ilé ẹyẹ sì ń ṣàánú rẹ̀.

"Ó dáa," ni ọmọ wí. "Ẹyẹ kì í ṣe ti ẹlẹ́yẹ. Òbúkọ ńkọ́? Ẹja ńkọ́?"

Àwọn arúgbó méjèèjì wo ara wọn. Èjìká àbúrò ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, lẹ́yìn náà ti ẹ̀gbọ́n, àfi bí ẹ̀rín ṣe gbé wọn.

"Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n. Ẹ sọ fún un."

Káfíńtà nu ojú rẹ̀. "Bàbá wa ń tún agbòjò ṣe ni."

"Iṣẹ́ tó dáa nìyẹn, Bàbá."

"Ó dáa níbi tí òjò bá ti ń rọ̀. Lọ́dọ̀ wa, òjò dáwọ́ dúró. Lọ́dún àkọ́kọ́, bàbá ní yóò rọ̀. Nígbà tó di ọdún kejì, àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń fi agbòjò ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀."

"Ló bá kó wa," ni Bàbá Kékeré gbà á, "ó ní ká máa wá òjò lọ. Ìlú tí a bá wọ̀, á kọ́kọ́ wo sánmà kó tó kí àwọn èèyàn ibẹ̀."

"Oúnjẹ kò kárí wa lójú ọ̀nà. Àǹtí ní kó fún òun ní ọ̀kan nínú wa." Káfíńtà wo àbúrò rẹ̀.

"Agbòjò kan ṣoṣo tó ṣì ń ṣí lọ́wọ́ bàbá," ni àbúrò wí, "èmi ló gbé e fún."

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan búrẹ́dì. Ọmọ fi ọwọ́ pa ikùn rẹ̀.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò gbẹ́ agbòjò sókè ìlẹ̀kùn?"

"Agbòjò tó ya? Kí adájọ́ wá dúró lójú títì, kó máa wò ó?"

"Èmi ì bá wò ó," ni adájọ́ fèsì.

"Ẹ̀yin tí ẹ ní idì," ni káfíńtà wí, "kí ló kàn yín?"

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ bímọ, bàbá àgbà yìí máa ń gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ sórí itan ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Ìyá ọmọ dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ tó ń sọ fún un nípa ọkùnrin kan tó ń lé òjò láti ìlú dé ìlú. Inú rẹ̀ dùn pé òtítọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nílé wọn. Ìgbà yẹn ló gbọ́ pé ẹran kan tó nírùngbọ̀n ló ń bá ọkùnrin náà ru àwọn agbòjò.

Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ̀tẹ̀ẹ̀ nígbà tí káfíńtà kú, lórí àga tó fúnra rẹ̀ kàn, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bàbá Kékeré tún wọkọ̀ dé. Òun àti ọmọ olóògbé ló jọ lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń kọ òkúta ibojì.

"Wọ́n máa ń kọ ibi tí èèyàn ti wá sí i," ni ọkùnrin náà wí. "Níbo ni kí n kọ?"

Bàbá Kékeré dárúkọ ìlú tí wọ́n bí wọn sí, ó dáwọ́ dúró, ó ní wọ́n ti yí orúkọ ìlú náà padà, òun ò sì mọ tuntun. Ó dárúkọ ibi tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pínyà, ó ní àárín ọ̀nà nìyẹn, kì í ṣe ìlú. Ojú rẹ̀ kún.

"Ẹ kọ orúkọ òpópónà wa," ni ọmọ káfíńtà wí.

"Madam, ibi tí wọ́n gbé nìyẹn. Ibi tí wọ́n ti wá ni mò ń béèrè."

Ọmọ káfíńtà sọ ọmọ rẹ̀ sókè dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Kò bínú, ohùn rẹ̀ kò sì ga.

"Ibẹ̀ la ti wá."

Ọkùnrin náà wo Bàbá Kékeré, bóyá yóò já obìnrin náà nírọ́. Bàbá Kékeré nu ojú rẹ̀, ó tẹ́wọ́ síbi tí orúkọ náà máa wà lára òkúta, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà, torí ẹ̀gbọ́n òun kì í fẹ́ ohun tí èèyàn ò lè rí láti òkèèrè.