Mo Gbààwẹ̀ Gun Òkè Nítorí Ìlara

Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ ìròyìn mi lẹ́nu èmi fúnra mi. Ìròyìn àwọn ẹlòmíì ni mo máa ń kọ sínú ìwé ìròyìn àwa ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Maryland. Tòní, èmi ni mo ṣẹ̀, èmi náà ni màá kọ ọ́.

Ìlara ló fà á. Mi ò ní pè é lórúkọ mìíràn.

Dúpẹ́ ni ọ̀rẹ́ mi láti Ìbàdàn. Nọ́ọ̀sì ni. Ọdún kan náà la dé Amẹ́ríkà, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà là ń lọ ní Glenarden. Nígbà yẹn, fóònù wa ṣì ń ṣí bí ìwé. Dúpẹ́ gba kọ́ńtíráàtì oṣù mẹ́ta ní ọsibítù kan ní Colorado. Nígbà tó wálé fún ọjọ́ díẹ̀, ó kó fọ́tò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ wá wo fọ́tò! Adágún omi lórí òkè gíga. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró, yìnyín ṣì wà létí rẹ̀ nínú oṣù keje! Dúpẹ́ jókòó sórí òkúta, ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti ra gbogbo ibẹ̀.

Àwọn obìnrin ṣù bò ó. Ìyàwó pásítọ̀ wa sọ pé orí irú òkè báyìí ló yẹ kéèyàn ti máa gbàdúrà. Ó wá yíjú sí mi: “Ìyá Tómi, ìwọ tó ò ń wá ìròyìn káàkiri, ṣé o ti débẹ̀ rí?”

Níbo ni mo fẹ́ ti débẹ̀? District Heights ní Maryland níbí ni mò ń gbé, kò sí òkè kankan níbẹ̀! Àtẹ̀gùn ilé mi ni òkè tó ga jù tí mò ń gùn.

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dùn mọ́ mi. Ṣé ẹ rí i, láti ọdún mélòó kan, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa ń péjọ sí lẹ́yìn ìsìn láti gbọ́ ohun tó ń lọ. Lọ́jọ́ náà, ẹnì kankan ò bi mí ní ìròyìn kankan. Mo fẹ́ gba àyè mi padà.

Mo bi Dúpẹ́ bóyá ibẹ̀ ni òkè parí sí. Ó ní rárá, adágún kejì wà lókè, àmọ́ gbogbo ìgbà tóun bá ti gbìyànjú ni ìkùukùu máa ń bolẹ̀. “Kí n tó kúrò ní Colorado,” ó ní, “ojú mi á rí i.”

Mo sọ nínú ara mi pé ojú tèmi ló máa kọ́kọ́ rí i.

Mo ní mo fẹ́ wá kí i ní Colorado. Inú rẹ̀ dùn gan-an! Ó wá pàdé mi ní pápá ọkọ̀ òfurufú pẹ̀lú dòdò tó ṣì gbóná.

Ní Ìbàdàn, ohun tí wọ́n fi tọ́ wa ni pé ẹni tó ń lọ sórí òkè àdúrà kì í jẹun. Dúpẹ́ jẹ búrẹ́dì tiẹ̀. Èmi máa gba ààwẹ̀ gbígbẹ, láìjẹ láìmu, kí ẹ̀rí mi lè borí tirẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ gun òkè, ó fún mi ní búrẹ́dì àti ẹyin. Mo fi tíṣù wé e, mo fi í pa mọ́ sínú báàgì. Ó fún mi ní omi inú ike; mo dà á nù kí n lè fi ike náà bu omi adágún wá fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ò rí ọgbọ́n!

Afẹ́fẹ́ orí òkè yẹn dà bí ọbẹ̀ tí wọ́n bu omi là: ò ń mí, kò yó ọ. “Rọra o, Ìyá Tómi,” ni Dúpẹ́ ń wí. “Òkè yìí ò ní sá lọ.” Ńṣe ni mo tún ń yára sí i.

A dé adágún àkọ́kọ́. Ṣé mo tiẹ̀ wò ó? Ọ̀nà tó lọ sí èkejì ni mò ń wò.

Mi ò rántí ìyókù dáadáa, nítorí náà mo bi àwọn ẹlẹ́rìí bí iṣẹ́ mi ṣe kọ́ mi. Dúpẹ́ sọ pé: “O ní kí n dúró dè ọ́, o fẹ́ dá lọ gbàdúrà. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ tí o jókòó. O wá ń kí òkúta kan pé ẹ kú iṣẹ́ o, mà.”

Òkúta!

Bàbá òyìnbó kan tó ń kọjá bèèrè ìgbà tí mo mu omi kẹ́yìn. Dúpẹ́ gbé ike mi: ó ṣófo. Ó ṣí báàgì mi: búrẹ́dì já bọ́.

“Ìyá Tómi! Ààwẹ̀ lò ń gbà?”

“Ṣebí orí òkè la wà.”

“Orí òkè tó o fẹ́ kú sí! Yanu!”

Omi tirẹ̀ ló ń fún mi mu díẹ̀díẹ̀. Bàbá yẹn ní ó ti pẹ́ tóun ti rí ojú ọ̀run tó mọ́ tó báyìí, pé adágún òkè ò ju ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Dúpẹ́ gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan. Ó wá gbé ọwọ́ mi kọ́ ọrùn rẹ̀. “Ó yá, à ń sọ̀kalẹ̀.”

Sátidé tó kẹ́yìn nínú kọ́ńtíráàtì rẹ̀ nìyẹn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó wá.

Nígbà tí àwa méjèèjì padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó pásítọ̀ pè mí kí n wá jẹ́rìí. Kí n tó dìde, Dúpẹ́ ti dáhùn fún mi: “Mummy, a débẹ̀, ó dára gan-an.” Ó fẹ́ bo àṣírí mi! Mo lè jókòó jẹ́ẹ́. Àmọ́ mo dìde, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan òkúta tí mo kí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè ẹnì kan fi tú. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wọn tún ṣù bò mí, Dúpẹ́ ló sì sún mọ́ mi jù.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó padà lọ, ó fi fọ́tò adágún kejì ránṣẹ́ sí mi. Ohun tó kọ sẹ́yìn rẹ̀ ni: “Mo jẹun kí n tó gùn ún.”

Ẹ má bínú, ìlara tún gún mi níkùn! Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì, níbi tí mo ti ń mú omi.

Ẹ̀kọ́ mi kò pọ̀: ìlara lè má tán lára èèyàn, àmọ́ kó tó gbé ọ gòkè, wo ojú ẹni tó máa gbé ọ sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Òkè wo ni ìlara ti mú ẹ̀yin náà gùn rí? Ẹ sọ ọ́ síbí, ẹ má tijú. Ṣé ẹni tó kí òkúta ló máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́?