Dáì Irun Sọ Mí Di Opó Níṣojú Ọkọ Mi

Ẹ bá mi jókòó díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nítorí irun funfun.

Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Odawna, níbí ní Accra. Sàdíkù, àkọ́bí mi, mú ọmọbìnrin kan wá sílé, Abena, ọmọ Akan, ọmọ dáadáa. Ó ku ká lọ kan ilẹ̀kùn nílé wọn ní Madina. Ohun tí àwa ń pè ní mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níhìn-ín.

Inú mi dùn títí mo fi wo dígí. Irun ẹ̀bá etí mi méjèèjì ti funfun. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, àwọ̀ wo ni mo fẹ́ kó ní? Ṣùgbọ́n mo ní àwọn àna ò gbọdọ̀ rò pé ìyá-ìyá ọkọ ló wá.

Mo ra dáì dúdú ní ọjà Okaishie, ó di ọ̀dọ̀ onídìrí mi. Sátífíkéètì kún ara ògiri rẹ̀, gbogbo wọn ló fi gíláàsì bò. Mo ní kó fi rìlásà tó ń na irun sí i, kó sì pa á láró lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ọ̀la là ń lọ. Kò béèrè nǹkan kan. Èmi náà ò béèrè.

Nígbà tó yá, orí bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Ó ní àmì pé ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Mo tún ní kó jẹ́ kó pẹ́ sí i, kí dúdú rẹ̀ lè wọlé.

Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Bó ṣe da omi sí i, irun bá omi lọ. Irun náà dúdú, ẹ ò rí irun tó dúdú tó bẹ́ẹ̀ rí, àmọ́ inú bàsíà ló wà.

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi wo èyí tó kù lórí mi, kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ó mú kílípà, ó rẹ́ gbogbo rẹ̀ kúrò.

Lọ́jọ́ kejì, mi ò lè wé gèlè, orí ṣì ń ta mí. Mo kàn fi ìborùn bò ó. Nígbà tá a dé Madina, bí mo ṣe kúnlẹ̀ kí Ántì Yaa, ẹ̀gbọ́n bàbá Abena, ìborùn já bọ́.

Ṣé ẹ mọ̀ pé láàárín wọn, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú ló máa ń fá orí? Ántì Yaa di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Due, due.” Báyìí ni wọ́n ṣe ń kí ọlọ́fọ̀. Ó béèrè ìgbà tí ọkọ mi kú.

Ọkọ mi jókòó tì mí nínú agbádá, ó ń mu omi. Omi há a lọ́fun.

Bàbá Abena ní tí ọ̀fọ̀ bá wà nílẹ̀, ká sún ọ̀rọ̀ ìyàwó síwájú. Ó tún ń wo ọkùnrin alágbádá yìí, ó fẹ́ mọ ẹni tó jẹ́. Ojú Sàdíkù ti pọ́n. Abena dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di etí aṣọ rẹ̀ mú.

Irọ́ ti dé ètè mi, pé ẹ̀gbọ́n mi ló kú. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ara rẹ̀ le koko. Mo ní, “Ẹ má bínú, kò sẹ́ni tó kú. Dáì ni.”

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ántì Yaa, tí irun tirẹ̀ funfun bí òwú, wo orí mi títí. Ó ní, “Ọmọ yín la fẹ́ wò lónìí. Ta ló sọ fún yín pé a fẹ́ wo irun?”

Ẹ̀rín bú jáde, ọkọ mi ló rín in jù. Wọ́n gba ẹrù tá a gbé wá.

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú orí mi ní rìlásà àti dáì kì í wọ orí lọ́jọ́ kan náà, kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan wà láàárín wọn. Ó ní ká kọ́kọ́ fi dáì díẹ̀ sẹ́yìn etí, ká dúró di ọjọ́ kejì ká rí i bóyá á yún wa, ká sì fi fasilíìnì yí etí irun ká. Tó bá ń ta, ká fọ̀ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀. Ká tún máa fi òrí pa irun tó ti gbẹ, ká jìnnà sí iná tí onídìrí fi ń gbẹ irun. Àbí ká kúkú fi irun sílẹ̀ kó funfun. Ìyẹn ni mo mú.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ojú yín ti rí lọ́wọ́ dáì? Ẹ sọ ọ́ síbí, ẹ má tijú, ṣebí èmi ni mo kọ́kọ́ ṣí orí.