Ọjọ́ Tí Mo Ní Ara Mi Le Níbi Ìpàdé Àwọn Aránṣọ

Mo rántí ìgbà tí ẹsẹ̀ mi kọ́kọ́ wú débi pé bàtà kò gbà á mọ́. Mo ní ìjókòó ìdí máṣíìnì ló fà á, mo wọ sílípáàsì ọkọ mi, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ. Ìsàlẹ̀ Òsì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà nígbà náà, aṣọ ìyàwó ni mo sì ń rán jù. Nígbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í wú láràárọ̀ ni mo tó gba ọsibítù lọ. Dókítà ní kíndìnrín mi méjèèjì ti ń kọṣẹ́, pé ẹ̀rọ ni yóò máa bá mi fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ó bi mí bóyá mo ní insúráǹsì. Mo ní rárá. Ó kàn mirí ni.

Báyìí ni mo di ẹni tó ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn. Mo wá insúráǹsì dé ọ́fíìsì ìjọba ní Agodi, mo dé ọ̀dọ̀ àwọn aládàáni tí ilẹ̀ ọ́fíìsì wọn ń dán. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: ṣé àìsàn kan ti wà lára mi tẹ́lẹ̀? Bí mo bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, owó á fò sókè, tàbí kí wọ́n ní kí n dúró fún ọdún kan gbáko kí wọ́n tó lè dá sí ọ̀rọ̀ kíndìnrín. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kó dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ó rẹ̀ mí. Kì í ṣe àárẹ̀ àìsàn nìkan. Àárẹ̀ ká máa ṣàlàyé ara ẹni fún ẹni tí kò gbójú sókè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo ta ọ̀kan nínú máṣíìnì mi, mo fi ń fọ ẹ̀jẹ̀. Bí owó bá tán, màá fo ọ̀sẹ̀ kan.

Ọkọ mi àti ìyá mi nìkan ló mọ̀. Ìyá mi ló kìlọ̀ pé a kì í fi ẹnu ara ẹni pe àìsàn mọ́ra, pé bí wọ́n bá kí mi, kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi náà ní ìdí tèmi: ta ni yóò gbé aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ fún aránṣọ tó lè dùbúlẹ̀ lọ́la? Mo wá mọ irọ́ pa ju aṣọ rírán lọ. Alápá gígùn ni mo ń wọ̀ nínú ooru, kí wọ́n má baà rí àpá abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ aránṣọ wa ní Bẹẹrẹ, alága wa, bàbá arúgbó tó ń rán agbádá, mú ìròyìn wá. Wọ́n ní àwọn rí insúráǹsì ìlera kan tí kò ní yẹ ẹnikẹ́ni lára wò bí gbogbo ẹgbẹ́ bá jọ wọlé. Oríṣi méjì ló wà. Kékeré mọ sórí ibà àti ìbímọ. Ńlá ń san owó iṣẹ́ abẹ àti ẹ̀jẹ̀ fífọ, àmọ́ owó rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì. Bàbá wò wá yí ká.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká ṣojú ayé. Tí àìsàn tó lágbára bá ń bá ẹnì kan fínra níbí, kó sọ. Kò ní dá a gbé. Gbogbo wa á san ti ńlá."

Ìyá àgbàlagbà kan tó ń rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé, tí wọ́n jókòó tì mí, ló kọ́kọ́ fọhùn.

"A dúpẹ́, Alága. Ara gbogbo wa le."

Ni mo bá yára ṣe àmín, mo fi kún un pé tèmi tiẹ̀ le koko. A na ọwọ́, kékeré ló wọlé.

Lóṣù kejì, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá ẹ̀jẹ̀ fífọ, mo fi ìborùn bo ojú. Obìnrin kan tó bojú bíi tèmi wá jókòó. Ìyá oníyunifọ́ọ̀mù ni. Wọ́n ní ará ilé àwọn làwọn wá kí. Mo ní èmi náà, ará ilé mi ni. Nọ́ọ̀sì jáde, ó pe orúkọ wọn, ó sì pe tèmi tẹ̀ lé e. Mo rò pé a máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi lé ròrò sójú wọn.

"Ọmọ mi, mo rò pé èmi nìkan ni. Mi ò fẹ́ kí gbogbo yín tìtorí tèmi san owó ńlá."

Ohun tí èmi náà rò gan-an nìyẹn. A ṣàdéhùn pé bí ọdún bá yí, tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ tún un san, a ó jọ dìde sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n owó tán lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fo ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n fo èkejì. A sin wọ́n sí ilé wọn ní Pópó Yemọja nígbà tí ìpàdé ku oṣù méjì.

Èmi nìkan ni mo dìde. Mo ní ara mi ò le, pé kò sì le lọ́dún tó kọjá tí mo ní ó le. Mo sọ ti ìyá náà pẹ̀lú. Kò sẹ́ni tó bá mi jà. Bàbá alága ní kí àwọn tó fara mọ́ ti ńlá na ọwọ́, mo sì rí ọwọ́ títí dé ẹ̀yìn ilé. Àwọn oníbàárà tí mo ń bẹ̀rù, méjì péré nínú wọn ló wá gba aṣọ wọn padà láìrán.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ti fojú ara mi rí i pé tẹlòmíì náà lè bá a dákẹ́. Insúráǹsì ẹgbẹ́ ló ń san púpọ̀ nínú owó ẹ̀rọ mi báyìí. Ó ṣì ń rẹ̀ mí, n kò ní parọ́. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni mo ń wọ ọkọ̀ ní Mápó lọ sí ọsibítù. Ká ní mo ti lanu lọ́jọ́ ìpàdé àkọ́kọ́ yẹn ni, èmi àti ìyá náà ni à bá jọ máa lọ.