Bàbá Tó Wọ Inú Ògiri Ilé Wa

Ẹ má pè mí ní òpùrọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, n kì í sọ ọ́ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Kì í ṣe ẹ̀rù ló ń dí mi lọ́wọ́, ìtìjú ni.

Ní Jos ni, ní àdúgbò Jenta Adamu, ó kù díẹ̀ kí a wọ àwọn ọdún 1980. Ilé bíríkì pupa ni ilé wa. Bàbá bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wá ta aṣọ, ló kọ́ ọ. Wọ́n ti kú kí a tó bí mi. Inú ilé náà ni mo dàgbà sí, àmọ́ Haúsá ló yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Yorùbá tí mò ń sọ yìí, ẹ gbà mí gbọ́, ẹ̀yìn ọjọ́ tí mo fẹ́ ròyìn yìí ni mo kọ́ ọ.

Ọ̀sán gangan ni, nígbà ọyẹ́. Èmi nìkan ni mo wà nílé, mò ń nu eruku ara àga ní pálọ̀. Bí mo ṣe gbójú sókè, bàbá arúgbó kan dúró níbẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri lára bí ẹni ń rẹ ọmọ. Mi ò gbọ́ kí ilẹ̀kùn dún.

"Ẹ kú ilé o," ló wí, jẹ́jẹ́.

"Sannu, Baba." Haúsá ni mo fi kí i padà, mi ò tilẹ̀ kúnlẹ̀.

"Ọmọ ta ni ọ́?"

Mo fi Haúsá sọ fún un pé mi ò gbọ́ Yorùbá dáadáa.

Ó wò mí. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn. Ó wò mí bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ dójú tì láàárín ọjà. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan sí i, mo há a sórí: "Nínú ilé mi?"

Ló bá kọjú sí ògiri tó pín ilé wa àti ti àbúrò bàbá mi, ó wọ inú rẹ̀ lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Inú bíríkì ni mo wí.

Nígbà tí bàbá mi dé, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ibo ló gbà?"

Mo nawọ́ sí i.

"Ilẹ̀kùn ló wà níbẹ̀ rí," wọ́n sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Lẹ́yìn ikú bàbá wa, èmi àti àbúrò mi jà lórí ilé yìí, la bá mọ ọ́n pa." Wọn ò lè wo ojú mi. "Èmi ni bàbá wa wá bi, kì í ṣe ìwọ."

Wọ́n ní àwọn á wó o lọ́la. Ọ̀la dé, wọn ò wó o. Ojú ń tì wọ́n láti lọ bá àbúrò wọn. Àwọn méjèèjì ti kú báyìí, ògiri ṣì wà. Ìyàwó àbúrò bàbá mi ní òun náà máa ń gbọ́ tí ẹnì kan ń kíni lẹ́yìn ògiri náà, òun ò sì dáhùn rí.

Tí ẹ bá ń gbé ilé tí bàbá yín kọ́, ẹ kọ́ ọmọ yín ní èsì "Ẹ kú ilé". Onílé lè yà nígbàkígbà.