Pèrègún Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Fà Tu

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé kọlẹ́ẹ̀jì ìlú wa, Ìdàáṣà, láti kọ́ àwọn ọmọ ní jẹomẹ́tírì, mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, mo sì gbọ́n lójú ara mi gan-an. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni, nígbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dahomẹ. Mo ra ṣòkòtò funfun kan ní Àjàṣẹ́, olú-ìlú wa, fún ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Kí oòrùn tó kan àtàrí, erùpẹ̀ pupa ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Àmì ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní pọ́ẹ̀ǹ. Mo fi ẹfun tọ́ ojú pátákó lẹ́ẹ̀kan, mo ní èyí ni àmì, kò ní gígùn, kò sì ní ìbú. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ànyẹ̀sì nawọ́ sókè. Ó ní kí n má bínú, láti ibi tí òun jókòó sí, òun rí i pé ó ní ìbú, ó tilẹ̀ tóbi díẹ̀. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó jókòó, mo sì ṣe bí ẹni tí nǹkan kò ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ náà tọ̀nà. Ohun tí mo fi ẹfun kọ kì í ṣe àmì fúnra rẹ̀, ó kàn ń júwe ibi tí àmì wà ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló rán mi létí ohun tí mo fi ọdún mẹ́ta kọ́ ní Àjàṣẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti jáwọ́ nínú kíka ìwé sí wọn létí. Ọmọ àgbẹ̀ orí òkè ni wọ́n, èmi náà ọmọ àgbẹ̀ orí òkè ni. Mo ní ìlà gbọọrọ kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní òpin. Tí a bá wá gé e níhìn-ín lọ́hùn-ún, ó di bí okùn tí a so mọ́ èèkàn méjì. Ibi tí ìlà méjì bá ti pàdé, igun nìyẹn. Ẹ̀kọ́ igun yìí ló kọ́kọ́ dà wọ́n láàmú, nítorí wọ́n rò pé bí apá igun bá ṣe gùn tó ni igun náà ṣe tóbi tó. Mo ní kí wọ́n wo ẹnu ọ̀nì àti ẹnu alángbá. Ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú, ṣùgbọ́n wọ́n lè ya bákan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹni tó tún ṣì í.

Nígbà tí a dé orí onígun mẹ́ta, mo kọ́ wọn ní ìlà méjì tó lè jáde láti igun kan náà. Èkínní ń pín ẹnu igun sí méjì ọgbọọgba, òun ni bisẹktríìsì. Èkejì kò bìkítà fún ẹnu igun, àárín gbùngbùn ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí igun náà ló ń lọ ní tirẹ̀, òun ni mẹdíànì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di méjì yìí mú dáadáa. Àwọn ló sọ mí di ẹni yẹ̀yẹ́.

Bàbá Ànyẹ̀sì ti kú ní ọdún tó ṣáájú, ní abúlé wọn ní Lèma. Ó fi ìyàwó sílẹ̀, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, Ànyẹ̀sì ni àgbà. Oko tí olóògbé náà àti àbúrò rẹ̀, Pọ́ọ̀lù, jogún lọ́wọ́ bàbá wọn, wọn kò tíì pín in nígbà tó kú. Ẹbí wá ní kí wọ́n pín in sí méjì, ìdajì fún Pọ́ọ̀lù, ìdajì fún àwọn ọmọ, kí ìyá wọn máa ro ó fún wọn. Nítorí pé ọmọ ìlú ni mí, tí mo sì mọ ìwọ̀n, èmi ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Inú mi dùn débi pé mo kó gbogbo kíláàsì dání.

Onígun mẹ́ta ni oko náà. Igun kan wà ní ìdí àpáta ńlá, níbi tí bàbá Pọ́ọ̀lù ti kọ ebè rẹ̀ àkọ́kọ́. Lọ́dọ̀ wa, ibi tí a ti kọ ebè àkọ́kọ́ ni ìlà ìpín gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé wọ́n lé òun kúrò ní ìdí bàbá òun. Mo na okùn kan náà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti igun yẹn, mo kan èèkàn, mo fa ìlà roboto sórí ilẹ̀ láti ara èèkàn kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi pàdé, mo sì na ìlà láti ìdí àpáta gba ibi ìpàdé náà kọjá lọ. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbẹ́ gígùn bọ́ sọ́wọ́ Pọ́ọ̀lù, ẹ̀gbẹ́ kúkúrú bọ́ sọ́wọ́ Ìyá Ànyẹ̀sì. Baálé ẹbí, arúgbó tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Àgbà, bi mí bóyá ó dọ́gba. Mo ní ó dọ́gba. Wọ́n gbé pèrègún mẹ́ta fún mi, mo gbìn ín sórí ìlà náà. Ẹni tó bá gbin pèrègún ààlà ni ẹlẹ́rìí rẹ̀, bí a bá sì ti gbìn ín, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án mọ́.

Nígbà tí àsìkò ebè dé, àwọn ọlọ́wẹ̀ kan náà ló kọ ebè fún àwọn méjèèjì, ebè wọn sì tóbi bákan náà. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn Mísà, Ìyá Ànyẹ̀sì gbé igbá kan tó fi ìdérí dé wá sí ilé mi. Ó kúnlẹ̀, ó ṣí i. Ogún hóró àgbàdo ló wà ní apá kan, ọgbọ̀n hóró ẹ̀wà ló wà ní apá kejì. Ó ní hóró kan dúró fún ogún ebè, àgbàdo ni tòun, ẹ̀wà ni ti Pọ́ọ̀lù. Mẹsíyé ló pè mí, bí gbogbo wọn ṣe ń pe tísà.

"Mẹsíyé, ẹ bá mi tún un kà. Ó ní láti jẹ́ pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kà."

Irinwó ebè fún un, ẹgbẹ̀ta fún Pọ́ọ̀lù. Kò bá mi jà, kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè. Ó kàn ń ṣàlàyé fún mi, bí òbí ṣe ń ṣàlàyé fún tísà, pé tó bá jẹ́ iye iṣu tí òun máa rí nìyẹn, Ànyẹ̀sì yóò kúrò ní kọlẹ́ẹ̀jì lẹ́yìn Kérésì, torí àwọn àbúrò rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun. Ó tún ní kí n má bínú pé òun ń yọ mí lẹ́nu.

Nígbà tó lọ, mo mú ìwé, mo ya onígun mẹ́ta náà, kò sì pẹ́ tí mo fi rí i. Igun ni mo pín. Mi ò pín ilẹ̀. Ìlà tó bá pín ẹnu igun lọ́gbọọgba máa ń fún ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ gígùn ní ilẹ̀ tó pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ mẹdíànì ló yẹ kí n fà. Èmi tí mo kọ́ odidi kíláàsì ní ìyàtọ̀ wọn.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ wọn ní Faransé ní kí n panu mọ́. Ó ní tísà tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ṣì í, ta ni yóò tún gbà á gbọ́? Kí n má parọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí létí, mo sì panu mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹta, mo bi kíláàsì ní ìbéèrè kan, Ànyẹ̀sì nawọ́ sókè kíákíá bó ṣe máa ń ṣe, ó sì dáhùn rẹ̀ bó ṣe yẹ. Kò mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá a. Mi ò lè wo ojú ọmọ náà. Nígbà tí a jáde, ọ̀dọ̀ Bàbá Àgbà ni mo gbà lọ tààrà.

Arúgbó náà gbọ́ mi tán. Ó ní ẹni tó gbin pèrègún nìkan ló lè fà á tu, ní ọ̀sán gangan, lójú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbìn ín, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí rẹ̀. Mo bi í bóyá àwọn ọmọ kíláàsì wà lára wọn. Ó ní ṣé wọn kò pàtẹ́wọ́ ni?

Bẹ́ẹ̀ ni a tún padà sí oko Lèma. Mo dúró níwájú ẹbí àti níwájú àwọn ọmọ. Mo sọ pé, "Ìyá Ànyẹ̀sì mọ̀ ọ́n kà. Èmi tí mo wọ̀n ọ́n ni mo ṣì í."

Pèrègún ti ta gbòǹgbò. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ràn mí lọ́wọ́, mo ń fà á títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Lẹ́yìn náà mo wọn ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí àpáta, mo ṣẹ́ okùn náà po sí méjì láti mọ àárín rẹ̀, mo sì na ìlà láti ìdí àpáta wá síbẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn pé onígun mẹ́ta méjì tí ìdí wọn gùn bákan náà, tí orí wọn sì wà lójú kan náà, ilẹ̀ wọn kò lè ju ara wọn lọ. Àwọn ọmọ ń kọ ọ́ sínú ìwé lórí ìdúró. Kò sí èyí tó rẹ́rìn-ín.

Pọ́ọ̀lù ni mo ń bẹ̀rù. Ebè tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sún mọ́ ọgọ́rùn-ún, kò sì ṣẹ̀ mí. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó kàn bi mí bóyá ó dá mi lójú lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní kí a kà á. Òun ka tirẹ̀, Ànyẹ̀sì ka ti ìyá rẹ̀, wọ́n ń kà á sókè kí gbogbo wa lè gbọ́. Ti Pọ́ọ̀lù jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé márùn-ún. Ti Ìyá Ànyẹ̀sì jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó dín márùn-ún.

Àpáta pẹlẹbẹ kan ló wà ní apá obìnrin náà, wọn kò lè kọ ebè lé e. Mo ní ilẹ̀ dọ́gba, ṣùgbọ́n jẹomẹ́tírì kò mọ àpáta. Mo ní tí Pọ́ọ̀lù bá lè ṣàánú, ebè márùn-ún péré ni yóò mú wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n mi ò lè fi ipá mú un.

Pọ́ọ̀lù rìn lọ sí poro tó sún mọ́ ìlà tuntun náà. Ó ń fi ẹ̀rú ọkọ́ rẹ̀ kan orí ebè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà. Nígbà tó dé orí karùn-ún, mo ní ó ti tó. Ó kà á dé mẹ́wàá, ó wá yíjú sí mi.

"Mẹsíyé, márùn-ún ni ti ìwé yín. Márùn-ún tó kù, ti ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì gba ilé lọ. Ìyá Ànyẹ̀sì jókòó sílẹ̀ láàárín ebè, ó ń sunkún, kò sì pa á mọ́ra. Ànyẹ̀sì kò kúrò ní kọlẹ́ẹ̀jì.