Imú Nọ́ọ̀sì Kò Parọ́

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni obìnrin náà fi gbẹ̀bí kó tó fẹ̀yìn tì. Tọmọdé tàgbà ládùúgbò ló ń pè é ní Nọ́ọ̀sì, ọkọ rẹ̀ pàápàá kì í pè é lórúkọ mìíràn mọ́. Kò sí ohun tó fẹ́ràn tó ọkọ̀ rẹ̀ aláwọ̀ eérú, èyí tó ti ń lọ sí ogún ọdún. Fúnra rẹ̀ ló ń wà á, fúnra rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́.

Àmọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkọ̀ náà ti ń rùn. Òórùn epo pẹtiróòlù ni. Bí wọ́n bá dúró díẹ̀ ní oríta, òórùn náà a yọ́ wọlé bí olè, bí wọ́n bá tún gbéra, a sì lọ. Ọkọ rẹ̀, tó ń tún aago ṣe ní yàrá iwájú ilé wọn, ní òun kò gbọ́ òórùn kankan. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ìyẹn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wò ó lókè lókè, ó rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, ọkọ̀ tó ti dàgbà ni. Ìdọ̀tí tó wà lórí ẹ́ńjìnì yìí ló ń gbóná tó ń rùn sí yín."

"Ìdọ̀tí kì í rùn bí pẹtiróòlù, ọmọ mi," ni Nọ́ọ̀sì wí. Ó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àbíkẹ́yìn wọn ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Oyún oṣù méje wà nínú rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ló sì wà títí yóò fi bímọ. Ní Ọjọ́bọ̀, ìyá rẹ̀ ń gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Wọn ò tíì jáde ládùúgbò tó fi ní kí ìyá òun dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bì títí omi fi dà lójú rẹ̀.

"Màámi, mi ò wọ ọkọ̀ yìí mọ́. Ẹsẹ̀ ni n ó máa fi rìn."

"Ẹsẹ̀ wo? Èyí tó wú bí búrẹ́dì yìí?"

Wọ́n padà sílé, àyẹ̀wò di ọjọ́ Ajé. Nọ́ọ̀sì ro ọ̀rọ̀ náà títí. Ó ní bó bá jẹ́ ìdọ̀tí ni lóòótọ́, kí ìdọ̀tí kúrò ńlẹ̀ ná, ká wá mọ ohun tó kù.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì tutù, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ó ki ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó kọ́kọ́ fi sípánà tú wáyà kúrò lórí bátìrì. Ó fi ọ̀rá wé bátìrì náà, ó wé ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa afẹ́fẹ́, ó wé gbogbo ibi tí wáyà ti so pọ̀, ó dè wọ́n pinpin kí omi má baà wọ ibẹ̀. Ọkọ rẹ̀ jáde tòun ti ife tíì lọ́wọ́.

"Nọ́ọ̀sì, ta ló ń rọbí níbẹ̀?"

"Ẹ máa ṣẹ̀fẹ̀ lọ. Ẹ bá mi gbé garawa yẹn súnmọ́ bí."

Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá iyanrìn àti ewé gbígbẹ kúrò. Ó po ọṣẹ, ó fi kun ibi tí ọ́ìlì ti dì mọ́ irin, ó mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́, ó ń fi ha kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀. Kò da omi lé e gbàà. Aṣọ tútù ló fi ń nù ún. Omi dúdú ń ṣàn sílẹ̀, irin bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Àwọn nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni ò rí rí nínú ilé náà yọjú lára ẹ́ńjìnì.

Lọ́wọ́ ẹ̀yìn, níbi tó jìn jù, ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan rírọ̀. Ó fà á jáde: tìmùtìmù tó ti fàya, òwú, àti àjákù kàlẹ́ńdà. Ilé eku ni! Rọ́bà tó ń gbé epo lọ sínú ẹ́ńjìnì wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì tutù. Ó fọwọ́ kàn án, ó gbé ọwọ́ símú: pẹtiróòlù ni.

"Dádì! Ẹ wá!"

Ọkọ rẹ̀ sáré mú jígí kékeré tó fi ń wo inú aago wá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó títí.

"Eyín eku ni," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ó ti jẹ ẹ́ dé inú. Nọ́ọ̀sì, mo tọrọ gáfárà. Imú rẹ kò parọ́."

Ìwọ̀n ìka mẹ́ta péré ló wà láàárín rọ́bà náà àti páìpù èéfín, èyí tí í gbóná bí ààrò bí ọkọ̀ bá ń rìn. Nọ́ọ̀sì dojú garawa délẹ̀, ó jókòó lé e. Ó rántí Ọjọ́bọ̀, ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ikùn gbẹ̀ǹdù. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọkọ rẹ̀ pe mẹkáníìkì lórí fóònù, kò sì pẹ́ tó fi dé pẹ̀lú rọ́bà tuntun. Nígbà tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò wo ìsàlẹ̀."

"Bí aboyún bá ní inú ń run òun," ni Nọ́ọ̀sì wí, "ṣé ojú rẹ̀ ni n ó wò, tí n ó ní kó máa lọ sílé? Dìde, ṣe iṣẹ́ rẹ."

Ó ṣe é. Ó pààrọ̀ rọ́bà náà, ó yẹ gbogbo ìyókù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún oòrùn títí gbogbo rẹ̀ fi gbẹ, wọ́n tú ọ̀rá, wọ́n dá wáyà padà sórí bátìrì. Nọ́ọ̀sì yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnì wú ikọ́ kan, ó dákẹ́. Ó tún yí i, ó tún dákẹ́.

"Mo ti pa á," ló wí lóhùn jẹ́jẹ́.

"Ẹ ò pa á o, Mọ́mì. Omi díẹ̀ ló wọ ihò púlọ́ọ̀gì." Mẹkáníìkì tú púlọ́ọ̀gì, ó nù ún gbẹ, ó dá a padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ́ńjìnì gbà, ó sì ń dún wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹkáníìkì fọwọ́ pa rọ́bà tuntun náà látòkè délẹ̀: gbígbẹ táútáú.

Síbẹ̀, imú aboyún ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nínú ilé náà. Wọ́n pe ọmọ. Ó rọra wọ́ ẹsẹ̀ wá, ó jókòó sínú ọkọ̀, ó di imú mú. Ó tú ìka kan, ó tú èkejì, ó fa èémí sínú.

"Ọṣẹ nìkan ni mò ń gbọ́."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló fa omi náà.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò. Ọmọ inú ń ṣe dáadáa, ó sì ti dorí kodò bó ṣe yẹ. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, aboyún náà sùn lọ fọnfọn lẹ́yìn ọkọ̀, ó la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọdé. Nọ́ọ̀sì wò ó nínú dígí. Nígbà tó dé ìyànà ilé wọn, kò yà. Ó rọra kọjá, ó tún yí àdúgbò náà ká lẹ́ẹ̀kan sí i, kí oorun ọmọ rẹ̀ má baà já.